Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Ṣiṣẹ́ Fún Ìgbà Díẹ̀ Ní Hòtẹ́ẹ̀lì Ilẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni èrò kì í kún ní gbogbo ọdún. Ní apá àríwá ayé, èyí tó wà lórí òkè oníyìnyín máa ń kún láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin, èyí tó wà létí òkun máa ń kún láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, bí àsìkò náà bá sì ti kọjá, àwọn kan nínú wọn á tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ni wọ́n fi máa ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò bá wọn ṣe oṣù mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án, tí yóò sì padà sílé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó fẹ́ kó owó jọ, ẹni tó fẹ́ kọ́ èdè, àti ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ìgbàlejò láti ìpìlẹ̀.

Mo ti tẹ́ ibùsùn fún odidi àsìkò kan ní irú hòtẹ́ẹ̀lì orí òkè bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń bá àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí ni pé àwọn tó jèrè ìrìn àjò náà ni àwọn tó ti mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ wọn yóò parí kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìparí á mọ irú físà tó yẹ kó béèrè, á mọ iye tó gbọ́dọ̀ kù sí i lọ́wọ́ lóṣooṣù, á sì mọ ìgbà tó yẹ kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti fi gbogbo ìpinnu wọ̀nyí sí ọwọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ mú kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì fi àmì sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò lọ́hùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan irú iṣẹ́ tí ẹ ń lọ ṣe

Iṣẹ́ inú hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀, ṣùgbọ́n ibi mẹ́rin ni wọ́n ti sábà máa ń gba àwọn tó wá fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ibi ìgbàlejò tó wà níwájú, títún yàrá ṣe, gbígbé oúnjẹ àti ohun mímu fún àlejò, àti ilé ìdáná. Èdè ló máa ń ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ síra wọn. Ẹni tó wà níbi ìgbàlejò gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohun tí àlejò tó ń bínú ń sọ lórí fóònù, kó sì dá a lóhùn lọ́nà tí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé gbogbo ohun tó wà nínú àwo tó gbé kalẹ̀, nítorí pé àlejò kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀pà díẹ̀ péré lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó ń tún yàrá ṣe tàbí tó ń fọ abọ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ péré, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni yóò fi san ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè san.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ kékeré ni títún yàrá ṣe. Ní ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá bíi 12 sí 16 ni wọ́n máa ń fún ẹnì kan láàárín wákàtí mẹ́jọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ogójì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yàrá tí àlejò ti kó kúrò nínú rẹ̀ pátápátá sì máa ń gba àkókò ju èyí tí àlejò ṣì ń gbé lọ. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá tí àlejò àárọ̀ ń kó jáde títí di aago mẹ́ta tí àlejò tuntun ń wọlé, kò sí ìjókòó. Bí ẹ̀yìn tàbí eékún bá ti ń yọ yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹ wo ibi ìgbàlejò tàbí ibi ìfọṣọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ nípa ìlera yín fún ara yín kí ẹ tó sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí

Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ kọ́kọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò afẹ́, pé wọn yóò tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá dé, ń sọ yín di ẹni tí kò lè fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn láìbẹ̀rù. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀, àwọn ọ̀nà náà kò sì jọra rárá.

Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kan wà láti ọdún 2014 fún òṣìṣẹ́ àsìkò tó bá wá láti ìta. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan iye àkókò tí yóò gbà wọ́n láyè, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàárín oṣù 5 sí oṣù 9 nínú oṣù 12. Iṣẹ́ ìgbàlejò arìnrìn-àjò wà lára ohun tí òfin náà ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n Denmark àti Ireland kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní físà òṣìṣẹ́ àsìkò tirẹ̀, ṣùgbọ́n oko èso, ewébẹ̀ àti òdòdó ló wà fún, pẹ̀lú iṣẹ́ adìyẹ ní ìparí ọdún. Ẹni tó bá ní òun yóò fi físà yẹn mú yín wọ hòtẹ́ẹ̀lì kò sọ òótọ́ fún yín.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń kan hòtẹ́ẹ̀lì. Èkíní ni físà J-1, tó wà fún ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá nígbà ìsinmi kì í ju oṣù 4 lọ, ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kì í sì ju oṣù 12 lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ gba fọ́ọ̀mù DS-2019, ìwé tó fi hàn pé ẹ yẹ fún ètò náà, lọ́wọ́ àjọ tó ṣe onígbọ̀wọ́ yín, ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ á sì tún fọwọ́ sí DS-7002, tó ṣàlàyé ohun tí yóò kọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Bí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà bá tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú yín dé. Bí wọ́n bá fi yín sídìí ibùsùn nìkan fún ọdún kan, wọ́n ti rú òfin, onígbọ̀wọ́ yín sì ni ẹ óò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ọ̀nà kejì ni H-2B, tó wà fún iṣẹ́ àsìkò gan-an. Iye tí òfin yà sọ́tọ̀ fún un jẹ́ 66,000 lọ́dún, ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ kò lè dá a bẹ̀rẹ̀ fúnra yín.

Ní Kánádà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní LMIA, tó fi hàn pé òun kò rí ọmọ ilẹ̀ náà gbà sí ipò yẹn. Owó ìwé náà jẹ́ dọ́là Kánádà 1,000, agbanisíṣẹ́ ló ń san án, òfin kò sì gbà kó gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ọsirélíà ní físà ìsinmi oníṣẹ́, nọ́ńbà 417 àti 462, fún ẹni ọdún 18 sí 30 (ó dé 35 fún díẹ̀ nínú wọn) láti àwọn orílẹ̀-èdè kan tí a dárúkọ wọn sínú ìwé. Nítorí náà, ẹ wò bóyá orílẹ̀-èdè tó fún yín ní pásípọ́ọ̀tì wà níbẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá etí òkun, bíi Dùbáì àti Qatar, máa ń gba òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì púpọ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ọdún méjì ló wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọjọ́ tí ẹ fi àmì sí lórí kàlẹ́ńdà bá jẹ́ oṣù mẹ́fà sí ìsinsìnyí, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀nà yín.

Ojú ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ka òfin físà, nítorí pé ó máa ń yí padà, ẹni tó sì lọ lọ́dún tó kọjá lè máa fi òótọ́ inú tọ́ yín sọ́nà tí wọ́n ti dí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pèsè ìwé yín

Ẹ wò ó bóyá pásípọ́ọ̀tì yín yóò ṣì wúlò fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹ kọ CV tí kò ju ojú ìwé méjì lọ. Bí ẹ kò bá tíì ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì rí, ẹ kọ iṣẹ́ tó bá a tan, bíi sísìn níbi àpèjẹ, títọ́jú aláìsàn, fífọ aṣọ tà tàbí ìdáná fún èrò, kí ẹ sì fi iye sí i: èèyàn mélòó ni ẹ ń dáná fún, wákàtí mélòó ni ẹ ń dúró lójúmọ́. Mánẹ́jà tó ń kánjú máa ń rí nọ́ńbà kíákíá ju ọ̀rọ̀ ìyìn ara ẹni lọ. Ìwé ẹ̀rí ìmọ́tótó oúnjẹ, tí a lè gbà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, máa ń ran ẹni tó ń lọ sí ilé ìdáná lọ́wọ́ púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wá ẹni tó ń gbani síṣẹ́, kí ẹ sì dá a mọ̀ dáadáa

Ẹ bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú àsìkò. Hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò ṣí ní oṣù Kejìlá ti ń yan òṣìṣẹ́ láti oṣù Kẹjọ, físà á sì tún gba àkókò tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì tààrà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ tí ẹ lè dé àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò. Ẹni tó ní òun yóò dúró títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn àsìkò ṣe iyebíye fún wọn, nítorí pé ìgbà tí èrò bá pọ̀ jù gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń sá lọ.

Bí ẹ bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ́ǹtì lọ, ẹ fi í sọ́kàn pé àdéhùn nọ́ńbà 181 ti Àjọ Ìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, tó jáde ní ọdún 1997, sọ pé ẹni tó ń báni wá iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí lọ́nà ẹ̀bùrú. Hòtẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó san án. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti fọwọ́ sí àdéhùn náà, síbẹ̀ ó jẹ́ òṣùwọ̀n tó dára láti fi wọn ẹni tó wà níwájú yín. Owó físà tí ẹ san fún ìjọba, tí ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀, yàtọ̀ sí owó “ìforúkọsílẹ̀”, owó “ìdánilójú ipò” tàbí owó “ìdánilẹ́kọ̀ọ́” tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan.

Ọ̀nà kan wà láti dá ayédèrú mọ̀ tí kò náni ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ fúnra yín wá ojú ìwé hòtẹ́ẹ̀lì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n mọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti fi san owó “ìdánilójú ipò”. Ìpè kan ṣoṣo ló jẹ́ kó mọ̀ pé hòtẹ́ẹ̀lì náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé wọn kò wá ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Owó rẹ̀ ti lọ kó tó pè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ka ìwé àdéhùn bí ẹni tó ń ka ìwé ilẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ óò máa gbé lójoojúmọ́. Ẹ béèrè fún un ní èdè tí ẹ gbọ́, ẹ má sì fọwọ́ sí i ní pápá ọkọ̀ òfúrufú tàbí lórí ìjókòó ọkọ̀. Bí wọ́n bá tún gbé òmíràn síwájú yín lẹ́yìn tí ẹ dé, tí owó inú rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́, ìtànjẹ nìyẹn. Ẹ mú ti àkọ́kọ́ dání, ẹ má fọwọ́ sí èkejì kí ẹ tó gba ìmọ̀ràn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wá nínú rẹ̀ ni ọjọ́ méjì, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. “Títí àsìkò yóò fi parí” kì í ṣe ọjọ́, nítorí pé bí yìnyín bá yára yọ́ tàbí tí àlejò kò bá wá, àsìkò lè parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n kọ déètì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọn yóò san bí wọ́n bá dá yín dúró kí déètì náà tó pé. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọjọ́ mélòó tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú sọ fún wọn bí ẹ bá fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo owó. Iye tí wọ́n kọ sókè kọ́ ni iye tí yóò wọ àpò yín. Ẹ jẹ́ kí a fi 100 ṣe àpẹẹrẹ. Bí owó orí àti owó ìdójútòfò ìjọba bá mú 20, tí yàrá tí wọ́n fi yín sí mú 15, tí oúnjẹ mú 8, ohun tó kù jẹ́ 57. Òun ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò bóyá ìrìn àjò náà yẹ. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn nípa yàrá, kí ìdáhùn sì wà lórí ìwé: èèyàn mélòó ló ń sùn níbẹ̀, èló ni wọ́n ń yọ, ṣé wọ́n á yọ ọ́ bí mo bá rí ibòmíràn gbé? Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí mo mẹ́nu kàn lókè sọ pé owó ilé tí agbanisíṣẹ́ ń gbà kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí yóò kàn máa yọ lára owó oṣù fúnra rẹ̀. Ní Qatar, láti oṣù Kẹta ọdún 2021, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ríyàlì 1,000. Bí agbanisíṣẹ́ kò bá pèsè ilé, yóò fi 500 kún un, bí kò bá sì pèsè oúnjẹ, yóò fi 300 kún un.

Wákàtí iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ tó fara sin. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ lè jẹ́ láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ láti aago méje sí mọ́kànlá, kí wọ́n tún ní kí ẹ padà wá ní aago mẹ́fà títí di mẹ́wàá alẹ́. Ìpín méjì yìí wọ́pọ̀ gan-an ní ilé oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì, pàápàá ní ilẹ̀ Faransé. Lórí ìwé, iye wákàtí kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yín ti lọ tán. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa ń pín in, ọjọ́ ìsinmi mélòó ló wà lọ́sẹ̀, ṣé ó máa ń tẹ̀ lé ara wọn, àti iye tí wọ́n ń san fún wákàtí àṣekún. Fún ẹni tó ń tún yàrá ṣe, ẹ rí i dájú pé wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún. Bó bá jẹ́ iye yàrá ni wọ́n ń kà, yàrá kan tí àlejò bà jẹ́ lè mú wákàtí kan lọ lọ́wọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ tún wo ẹni tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ẹni tó ń ra aṣọ iṣẹ́ àti bàtà, bí wọ́n ṣe ń pín owó ọ̀fẹ́ tí àlejò bá fi sílẹ̀, àti ìdójútòfò ìlera láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo èyí tí wọ́n bá fi ẹnu dá yín lóhùn, ẹ fi íméèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí wọn pé: “Ẹ ṣeun fún ìpè àná; ohun tí ẹ sọ fún mi nìyí.” Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ ṣì ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìmúra ìrìn àjò

Ìparí oṣù ni owó oṣù máa ń wọlé, nítorí náà ẹ mú owó tí yóò gbé yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dání. Ẹ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tì, físà, àdéhùn àti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín àti sí ẹnì kan nílé. Ẹ ra bàtà dúdú tí kì í yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó lọ, kó lè mọ́ ẹsẹ̀ yín lára. Bàtà tuntun ní ọjọ́ àkọ́kọ́ iṣẹ́ máa ń dá egbò sílẹ̀ tí kì í tètè jinná, torí pé ẹ kò ní rí àyè jókòó.

Ẹ kọ́ gbólóhùn ogún péré ní èdè ibẹ̀, kí ẹ mọ̀ wọ́n débi tí ẹ kò fi ní ronú kí ẹ tó sọ wọ́n: ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ń bọ̀, èmi yóò pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣé kí n padà wá lẹ́yìn, kò yé mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un sọ. “Kò yé mi” ni ẹ óò lò jù. Ẹ má tijú láti sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó bá mi orí sí àṣẹ tí kò yé e ló máa ń tún yàrá 214 ṣe nígbà tí wọ́n ní kó tún 240 ṣe.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ béèrè lọ́jọ́ kìíní bóyá ìforúkọsílẹ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe lọ́dọ̀ ìjọba ìlú náà àti ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti ṣe é. Ẹ ṣí àkáǹtì báǹkì ní orúkọ ara yín; ẹ má gbà kí owó yín gba àkáǹtì ẹlòmíràn kọjá. Hòtẹ́ẹ̀lì lè gba pásípọ́ọ̀tì yín láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni kó padà sọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ka dídá pásípọ́ọ̀tì òṣìṣẹ́ dúró sí ìrúfin, títí kan àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá tí àṣà náà ti wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá kan. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ dúró, ẹ tún un kàn, kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ wọlé. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ kó ìdọ̀tí jáde, ẹ ká aṣọ ibùsùn láti ẹsẹ̀ dé orí, kí ẹ sì gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé aago, yẹtí àti fóònù àlejò máa ń sùn sínú rẹ̀. Ẹ da oògùn sínú ṣáláńgá kó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ́ ibùsùn.

Ibùsùn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Obìnrin àgbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ló kọ́ mi pé kí n máa parí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá kí n tó bọ́ sí èkejì. Kí n tó mọ̀ ọ́n, ìgbà mẹ́jọ ni mo ń yí ibùsùn kan po. Ẹ tẹ́ ṣíìtì kí àárín rẹ̀ bá àárín ibùsùn mu, ẹ ki orí rẹ̀ sábẹ́ tìmùtìmù. Ẹ wá gbé etí rẹ̀ tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun sókè sórí ibùsùn kó dà bí igun mẹ́ta, ẹ ki èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ fa igun mẹ́ta náà wálẹ̀, kí ẹ sì ki òun náà sábẹ́. Yóò dúró gbọnin bí igun àpò lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé tìmùtìmù sókè, eékún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Nínú ilé ìwẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ tí ẹ fi nu ṣáláńgá kò gbọ́dọ̀ kan ife tàbí ibi ìfọwọ́ láé. Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá mọ iṣẹ́ máa ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ṣáláńgá tó ní áàsìdì tàbí ohunkóhun tó ní amóníà. Èéfín tó ń jáde lára wọn jẹ́ májèlé, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́ nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé. Ìpẹ̀kun yàrá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àlejò bá gbàgbé, ì báà jẹ́ owó ẹyọ kan, ẹ kọ nọ́ńbà yàrá, ọjọ́ àti aago mọ́ ọn, kí ẹ fi lé súpáfáísọ̀ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré tó wọ àpò. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aago tí ẹ wọlé, aago tí ẹ jẹun, aago tí ẹ jáde, àti iye yàrá. Ní oṣù kejì mi, wákàtí 160 ni wọ́n kọ sínú ìwé owó oṣù mi, 176 àti ààbọ̀ sì ni mo ní nínú ìwé mi. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì láìbínú. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò fi í wé tirẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ wọn ti ń yọ ìṣẹ́jú 45 fún oúnjẹ ọ̀sán ní gbogbo ọjọ́ 22 tí mo fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò fún mi láyè láti jẹun lọ́jọ́ kankan. Wọ́n san án ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí déètì àti aago nínú ìwé mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìbá jẹ́.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi lẹ́tà béèrè, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àwọn alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba ni ẹ óò lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àlejò láìgba owó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gba pásípọ́ọ̀tì yín, wọ́n tì yín mọ́lé, tàbí wọ́n lù yín, ẹ kan sí ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè yín. Ẹ ti kọ nọ́ńbà wọn sórí bébà kí ẹ tó kúrò nílé, torí pé fóònù lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọjọ́ ìparí

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọjọ́ tí ẹ fi àmì sí tó pé, ẹ béèrè fún lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ tó sọ ipò yín, déètì méjèèjì àti orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè. Ìgbà tí súpáfáísọ̀ tó mọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀ ni kí ẹ gbà á, nítorí pé òun náà lè jẹ́ òṣìṣẹ́ àsìkò. Ẹ béèrè fún owó ọjọ́ ìsinmi tí ẹ kò lò. Ẹ ní kí wọ́n wo yàrá tí ẹ gbé níṣojú yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n má baà fi ìbàjẹ́ ẹlòmíràn yọ owó yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ. Ẹ má ti àkáǹtì báǹkì pa títí owó ìkẹyìn yóò fi wọlé.

Ẹ jáde kí físà tó parí, kì í ṣe lọ́jọ́ tó parí. Ẹni tó ní J-1 ní Amẹ́ríkà ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn ìparí ètò rẹ̀ láti rìn kiri kó sì palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ àsìkò níbẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, tó sì pa gbogbo òfin rẹ̀ mọ́, ni òfin ní kí wọ́n mú ìpadàwá rẹ̀ rọrùn. Nítorí náà, ẹ tọ́jú òǹtẹ̀ tàbí ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ jáde pọ̀ mọ́ àwọn ìwé owó oṣù yín.

Kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ fi àdírẹ́sì íméèlì tí ẹ kò ní pa tì sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ìwé owó orí ọdún náà sábà máa ń jáde lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ àsìkò ti padà sílé, òun sì ni ẹ óò fi béèrè bóyá ìjọba ti yọ owó orí tó ju iye tó yẹ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti yọ ọ́ bí ẹni pé odidi ọdún ni ẹ fẹ́ ṣe.